WILLIAM WORDSWORTH: AKÉWÌ ÀWỌN ARÁ ORÍ ÒKÈ

Ọdún tún yí po, ìwé ẹgbẹ́ wa sì tún jáde. Àṣà ìwé yìí ni pé kí a máa mú ẹni olókìkí kan tí ó ti kú pẹ́, kí a sọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀, kí àwọn tí ó wà láàyè lè rí ọgbọ́n kọ́ níbẹ̀. Lọ́dún yìí a kò mú ọba, a kò sì mú jagunjagun. Akéwì kan ni a mú, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó gbà pé ìtàn olùṣọ́-àgùntàn kan lórí òkè yẹ ní kíkọ sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ìtàn ọba ti yẹ.

Orúkọ rẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí ọ̀pọ̀ nínú wa. Nígbà tí a wà ní kíláàsì, àwọn olùkọ́ wa mú kí a kọ́ ewì rẹ̀ kan sórí, èyí tí ó dá lórí àwọn òdòdó kan lẹ́bàá adágún omi. A kọ́ ọ, a sì kà á jáde láìṣì, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó rí irú òdòdó náà rí. Ó di ìgbà tí a dé ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ kí a tó mọ̀ pé ọkùnrin yìí kan náà kọ ewì gígùn mìíràn, ewì onítàn, nípa àgbẹ̀ arúgbó kan, ilẹ̀ baba rẹ̀, àti ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo tí ó lọ sí ìlú ńlá tí kò padà wá mọ́. Láti ọjọ́ tí a ti kà á ni a ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kàn wá. Ìlú tiwa náà wà lẹ́sẹ̀ òkè, ilé tí a tì pa nínú rẹ̀ kò sì kéré níye.

ÌBÍ ÀTI ÌGBÀ ÈWE RẸ̀

A bí William Wordsworth ní ọjọ́ 7, oṣù Épírì, ọdún 1770, ní ìlú Cockermouth, ní agbègbè Cumberland, ní ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilẹ̀ olókè ni ilẹ̀ náà. Àfonífojì wà láàárín òkè kan àti èkejì, adágún omi sì tẹ́ rẹrẹ nínú ọ̀pọ̀ àfonífojì náà. Òjò ibẹ̀ pọ̀, òtútù rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Àgùntàn sísìn ni iṣẹ́ tí a mọ àwọn ará orí òkè náà mọ́.

John Wordsworth ni orúkọ bàbá rẹ̀. Agbẹjọ́rò ni, òun ni ó sì ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti òfin fún ọlọ́rọ̀ kan tí apá rẹ̀ ká gbogbo agbègbè náà, tí a ń pè ní Sir James Lowther. Ann ni orúkọ ìyá rẹ̀. Ọmọ márùn-ún ni wọ́n bí: Richard ni àkọ́bí, William ni ó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà Dorothy, obìnrin kan ṣoṣo tí ó wà láàárín wọn, lẹ́yìn náà John àti Christopher. Ìyá wọn kú ní 1778, nígbà tí William kò tíì pé ọmọ ọdún 8. Bàbá wọn náà kú ní òpin ọdún 1783. Báyìí ni àwọn ọmọ márààrún di ọmọ òrukàn, tí wọ́n ń gbé lọ́wọ́ ẹbí. Láti ìgbà tí ìyá wọn ti kú ni wọ́n ti mú Dorothy lọ sí ọ̀nà jíjìn, ọdún 9 sì kọjá kí òun àti William tó tún fojú kan ara wọn.

Ohun tí ó tún dá kún ìyà wọn ni pé Sir James Lowther jẹ bàbá wọn ní owó tí ó ju pọ́ùn 4,000 lọ, ó sì kọ̀ láti san án fún àwọn ọmọ. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́, ṣùgbọ́n ẹjọ́ olówó a máa pẹ́ nílẹ̀. Ọkùnrin náà kú ní 1802 láìsan gbèsè náà, arólé rẹ̀ ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá san án. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí rẹ̀ tí gbèsè, ogún, àti ilẹ̀ baba fi kún inú ìtàn tí akéwì yìí kọ, kí ó rántí pé inú gbèsè tí a kò san ni ó ti dàgbà.

Ní 1779 wọ́n mú un lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Hawkshead, abúlé kan láàárín àwọn òkè. Ilé obìnrin kan tí ń jẹ́ Ann Tyson ni ó wọ̀ sí. Ìyá yìí ṣe ìtọ́jú rẹ̀ bí ọmọ, a sì máa sọ ìtàn àwọn darandaran orí òkè fún un. Olùkọ́ àgbà ilé-ẹ̀kọ́ náà, William Taylor, fẹ́ràn ewì púpọ̀, ó sì gba ọmọ náà níyànjú láti máa kọ ọ́. Olùkọ́ náà kú ní 1786, kò rí èso iṣẹ́ rẹ̀. Àwa tí a jẹ́ olùkọ́ mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ wa rí nígbà púpọ̀: ẹni tí ó gbin igi kọ́ ni ó ń jókòó sábẹ́ òjìji rẹ̀.

ÌRÌN ÀJÒ ÀTI ÀṢÌṢE

Láti 1787 títí di 1791 ni ó fi wà ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì St John's ní Yunifásítì Cambridge. Kò fi bẹ́ẹ̀ tayọ níbẹ̀. Àwọn ẹbí rẹ̀ ń retí pé yóò di àlùfáà tàbí agbẹjọ́rò, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí nínú èyíkéyìí. Ní àkókò ìsinmi ọdún 1790, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Robert Jones, fi ẹsẹ̀ rin ilẹ̀ Faransé já, wọ́n sì gun àwọn òkè Alps. Ìyípadà ńlá ti bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé nígbà náà. Àwọn mẹ̀kúnnù ti dìde sí ọba àti àwọn ìjòyè. Inú ọ̀dọ́mọkùnrin yìí dùn sí i, nítorí ó rò pé ayé tuntun ni ó dé fún tálákà.

Ní òpin 1791 ó padà sí ilẹ̀ Faransé. Níbẹ̀ ni òun àti ọ̀dọ́mọbìnrin kan, Annette Vallon, ti fẹ́ràn ara wọn, wọ́n sì bí ọmọbìnrin kan, Caroline, ní oṣù Dìsẹ́ḿbà 1792. Kí wọ́n tó bí ọmọ náà ni owó ti tán lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ tí ó sì ti gba ọ̀nà ilé. Nígbà tí ó di oṣù Fẹ́búárì 1793, ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín ilẹ̀ Faransé àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀nà sì dí. Kò fẹ́ Annette títí láé. A kò ní bo èyí mọ́lẹ̀, nítorí ìtàn tí ó bá ń yọ àléébù ẹni kúrò kì í ṣe ìtàn mọ́. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ sọ pé ó lọ rí ìyá àti ọmọ náà nígbà tí ogun dáwọ́ dúró díẹ̀ ní 1802, àti pé nígbà tí Caroline lọ sí ilé ọkọ ní 1816, bàbá rẹ̀ ń fún un ní pọ́ùn 30 lọ́dọọdún.

Nígbà tí ó padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò ní iṣẹ́, kò ní ilé. Ọlọ́run bá a ṣe é: ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Raisley Calvert, tí Wordsworth tọ́jú nínú àìsàn ikọ́ ẹ̀gbẹ, kú ní oṣù Jánúárì 1795, ó sì fi pọ́ùn 900 sílẹ̀ fún un, kí ó lè ráyè kọ ewì. Owó yìí ni ó mú kí òun àti Dorothy lè kó jọ gbé ilé kan náà lẹ́yìn ọdún pípẹ́. Láti ọjọ́ náà títí di ọjọ́ ikú rẹ̀ wọn kò fi ara wọn sílẹ̀ mọ́. Dorothy ni ó ń da ewì rẹ̀ kọ, òun náà sì ni ó ń kọ ohun tí ojú wọn rí lójoojúmọ́ sínú ìwé. Àwọn òdòdó tí a kọ́ lórí nílé-ẹ̀kọ́ nnì, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ rí wọn lẹ́bàá adágún Ullswater ní oṣù Épírì 1802, Dorothy sì ti kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó sọ ọ́ di ewì.

Ní 1797 wọ́n kó lọ sí ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítòsí akéwì mìíràn, Samuel Taylor Coleridge. Àwọn méjèèjì pa ewì wọn pọ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1798 ní ìwé kan tí a ń pè ní Lyrical Ballads. Nígbà tí wọ́n tún un tẹ̀ ní 1800, Wordsworth kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú gígùn kan síwájú rẹ̀. Kókó ohun tí ó sọ níbẹ̀ ni pé kò yẹ kí ewì máa fi èdè àrà ọ̀tọ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í sọ wọ ẹ̀wù fún ara rẹ̀. Ó ní èdè tí ènìyàn gidi ń sọ ni kí akéwì máa lò, kí ó sì mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti inú ìgbé ayé àwọn ará oko, nítorí pé ohun tí ó wà nínú ọkàn ènìyàn hàn kedere níbẹ̀ ju ibi tí ẹwà àṣehàn ti bò ó lọ. Lójú àwa Yorùbá, tí ìjálá wa wá láti inú igbó ọdẹ, èyí lè má dàbí ohun tuntun. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà, ó bí ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé nínú.

ÌTÀN MICHAEL ÀTI ỌMỌ RẸ̀

Ní oṣù Dìsẹ́ḿbà 1799, William àti Dorothy padà sí ilẹ̀ òkè wọn, wọ́n sì gba ilé kékeré kan ní Grasmere, èyí tí a ń pè ní Dove Cottage lónìí. Ibẹ̀ ni ó ti kọ ewì onítàn tí ó mú wa gbé kálámù lọ́dún yìí. Ní oṣù Òkítóbà 1800 òun àti Dorothy gun ipa odò Greenhead lọ sórí òkè, wọ́n ń wá ọgbà òkúta kan tí a fi ń dáàbò bo àgùntàn. Ọgbà náà ti ń wó lulẹ̀. Inú àwọn òkúta wọ̀nyí ni ìtàn náà ti jáde.

Darandaran arúgbó ni Michael. Ìgbà tí ilẹ̀ baba rẹ̀ bọ́ sí i lọ́wọ́, gbèsè wà lórí rẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ títí ilẹ̀ náà fi bọ́ lọ́wọ́ onígbèsè. Isabel ni aya rẹ̀, obìnrin tí kì í fi ọwọ́ lẹ́rán, tí kẹ̀kẹ́ tí a fi ń ran òwú kì í dákẹ́ nílé rẹ̀. Wọ́n ní fìtílà kan tí ó máa ń tàn títí di òru nígbà tí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́, gbogbo àfonífojì sì ń rí iná náà, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ènìyàn fi sọ ilé wọn ní orúkọ ìràwọ̀ àṣálẹ́. Ní ọjọ́ ogbó wọn ni wọ́n bí ọmọkùnrin kan ṣoṣo, Luke, Michael sì ń mú un lẹ́yìn lọ sórí òkè láti kékeré.

Nígbà tí Luke di ọmọ ọdún 18, wàhálà dé. Michael ti ṣe onídùúró fún ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan. Òwò ẹni náà ṣubú, ó sì di dandan kí onídùúró san owó tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ohun ìní rẹ̀. Ó lè ta apá kan nínú ilẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ó rí i pé òun kò ní lè sinmi nínú ibojì bí ilẹ̀ náà bá bọ́ sọ́wọ́ àjèjì. Ó pinnu pé kí Luke lọ sí ìlú ńlá, sọ́dọ̀ ìbátan wọn kan tí ó jẹ́ oníṣòwò, kí ó ṣiṣẹ́ gba ilẹ̀ náà padà. Ní ọjọ́ tí ó kù ọ̀la tí ọmọ náà yóò lọ, bàbá mú un lọ sí ẹ̀bá odò, níbi tí ó ti kó òkúta jọ láti mọ ọgbà àgùntàn, ó sì ní kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi òkúta ìpìlẹ̀ lélẹ̀, kí ó jẹ́ májẹ̀mú láàárín wọn. Òun yóò máa mọ ọgbà náà nílé, ọmọ yóò máa ṣiṣẹ́ lẹ́yìn odi, wọn yóò sì bá ara wọn pàdé níbi iṣẹ́ tí ó parí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́tà ayọ̀ ń wá. Lẹ́yìn náà lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí wọ́n. Ọmọ náà kó sínú ẹgbẹ́ búburú, ó tẹ́, ó sì sá lọ sí òkè òkun láti fi ara pamọ́. Michael gbọ́, kò kú, kò sì pariwo. Ó ń tọ́jú àgùntàn rẹ̀ àti ilẹ̀ rẹ̀ bí ti àtẹ̀yìnwá, a sì máa lọ sí ẹ̀bá odò náà pẹ̀lú ajá rẹ̀. Àwọn aládùúgbò mọ̀ pé ọjọ́ mìíràn wà tí ó jókòó sí ibẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú tí ọwọ́ rẹ̀ kò kan òkúta. Ọdún 7 ni ó ṣe báyìí kí ó tó kú, ọgbà náà kò sì parí. Isabel gbé ọdún mẹ́ta sí i. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ wọ́n ta ilẹ̀ náà fún àjèjì, wọ́n wó ilé náà, wọ́n sì fi ọkọ́ túlẹ̀ ibi tí ó wà. Igi óàkù ẹnu ọ̀nà àti àwọn òkúta ẹ̀bá odò nìkan ni ó ṣẹ́ kù.

Ewì kejì tí ó jọ ọ́ ni ti àwọn ọmọ òrukàn méjì ní Ennerdale, Leonard àti James. Nígbà tí bàbá bàbá wọn kú tí gbèsè sì gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn, Leonard di atukọ̀ ojú òkun, kí ó lè rí owó tí òun àti àbúrò rẹ̀ yóò fi jẹun. Ó padà wá lẹ́yìn ọdún 20, ó dúró ní itẹ́ òkú ìjọ, ẹ̀rù ń bà á láti béèrè bóyá àbúrò rẹ̀ ṣì wà láàyè. Àlùfáà ìjọ náà kò dá a mọ̀, ó rò pé arìnrìn-àjò tí ó wá wo òkè ni, ó sì ń ṣàlàyé fún un pé ibojì àwọn kò nílò orúkọ, nítorí pé ẹnu àwọn tí ó wà láàyè ni a fi ń rántí òkú lẹ́bàá iná. Ẹnu àlùfáà yìí ni Leonard ti gbọ́ pé àbúrò òun ti já láti orí àpáta kú. Kò lè gbé ilẹ̀ náà mọ́. Ó padà sójú òkun. Ó jù lẹ́tà kan ránṣẹ́ sí àlùfáà lẹ́yìn náà láti sọ ẹni tí òun í ṣe.

Àwọn ewì méjèèjì yìí wà nínú ìwé ti 1800 náà. Ní oṣù Jánúárì 1801 Wordsworth fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí Charles James Fox, ọ̀kan nínú àwọn àgbà ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ó sì kọ lẹ́tà sí i. Ó sọ fún un pé ìdè ìfẹ́ tí ó so bàbá mọ́ ọmọ láàárín àwọn tálákà ń tú, àti pé lára ohun tí ó fà á ni ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ tí ń tàn kálẹ̀, owó orí tí ó wà lórí lẹ́tà, àti owó iṣẹ́ tí kò tó ra oúnjẹ mọ́. Ó ní àwọn onílẹ̀ kéékèèké orí òkè náà ń dín kù, bẹ́ẹ̀ sì ni ilẹ̀ kékeré tí ènìyàn jogún ni ó ń kó ọkàn gbogbo agboolé jọ sójú kan. Ó fẹ́ kí aṣòfin náà mọ̀ pé ẹni tí kò wọ aṣọ olówó iyebíye lè ní ìbànújẹ́ tí ó jinlẹ̀. Fox fèsì pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó yin àwọn ewì mìíràn nínú ìwé náà, ṣùgbọ́n kò fẹ́ràn irú ìlù ewì tí a fi kọ méjèèjì yìí.

ÒFÒ ÀTI ÌFARADÀ

Ní oṣù Òkítóbà 1802, Wordsworth gbé Mary Hutchinson níyàwó, wọ́n sì bí ọmọ márùn-ún. Ní oṣù Fẹ́búárì 1805, àbúrò rẹ̀ John, tí ó jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ òkun, bá ọkọ̀ rẹ̀ rì nítòsí etí òkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú àwọn ènìyàn tí ó ju 200 lọ. Ní 1812 méjì nínú àwọn ọmọ rẹ̀, Catharine àti Thomas, kú láàárín oṣù mẹ́fà. Ìwé ewì tí ó tẹ̀ jáde ní 1807 ni àwọn alárìíwísí fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ọmọdé ni. Ìwé ńlá rẹ̀ tí ó jáde ní 1814, The Excursion, nínú èyí tí ìtàn Margaret wà, ìyàwó ahunṣọ tí ọkọ rẹ̀ wọ iṣẹ́ ológun nítorí ebi tí kò sì bọ̀ mọ́, ẹ̀dà 500 péré ni wọ́n tẹ̀ nínú rẹ̀, kò sì tètè tà. Ó faradà á, ó sì ń kọ ọ́ lọ.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ ní Grasmere ní oṣù Máàṣì 1808 tí ó fi hàn pé kì í ṣe ẹnu lásán ni ó fi fẹ́ràn àwọn ará orí òkè. Tọkọtaya kan, George àti Sarah Green, ń bọ̀ láti ibi tí wọ́n ti ń lu ọjà ní gbàǹjo ní àfonífojì kejì, òjò dídì sì bò wọ́n mọ́lẹ̀ lórí òkè lóru, wọ́n kú. Ọmọ mẹ́jọ ni wọ́n fi sílẹ̀. Ọmọdébìnrin tí ó tó ọdún 11 ni ó ń tọ́jú àwọn àbúrò rẹ̀ nílé fún ọjọ́ mélòó kan kí àwọn ènìyàn tó mọ̀. Ilẹ̀ kékeré tí wọ́n ní wà lábẹ́ gbèsè, síbẹ̀ wọn kò fẹ́ tà á títí wọ́n fi kú. Ìdílé Wordsworth mú ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà sọ́dọ̀, wọ́n sì bá gbogbo àdúgbò kó owó jọ fún àwọn ìyókù. Dorothy kọ ìtàn náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó kọ̀ kí a tẹ̀ ẹ́ jáde nígbà ayé rẹ̀, kí ojú má baà ti àwọn ọmọ náà nígbà tí wọ́n bá dàgbà.

Ó tún yẹ kí àwa ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà rántí ohun kan nípa rẹ̀. Ní 1802, àwọn ará Faransé mú Toussaint L'Ouverture, ọmọ aláwọ̀ dúdú tí ó ṣe aṣáájú àwọn ẹrú láti gba òmìnira ní Haiti, wọ́n sì gbé e lọ sí ẹ̀wọ̀n lórí òkè Jura, níbi tí ó kú sí ní oṣù Épírì 1803. Wordsworth kọ ewì láti yẹ́ ẹ sí, ó sì jáde nínú ìwé ìròyìn ní 1803. Ó kọ òmíràn nípa obìnrin aláwọ̀ dúdú kan tí a lé kúrò ní ilẹ̀ Faransé. Nígbà tí wọ́n fòpin sí òwò ẹrú pẹ̀lú òfin ní 1807, ó kọ ewì fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ Thomas Clarkson, tí ó ti jà pípẹ́ fún òfin náà.

ỌJỌ́ OGBÓ ÀTI IKÚ RẸ̀

Ní 1813 ó gba iṣẹ́ ìjọba, ó ń bójú tó sítáǹpù owó orí ní agbègbè Westmorland, ó sì kó lọ sí ilé kan ní Rydal. Arólé Lowther, èyí tí ó san gbèsè bàbá wọn, ni ó bá a wá iṣẹ́ náà. Láti ìgbà náà ohùn rẹ̀ yí padà. Ẹni tí ó ti ń gbè lẹ́yìn mẹ̀kúnnù nígbà èwe wá di alátìlẹ́yìn àwọn ọlọ́lá, ó sì ṣe ìpolongo fún ìdílé Lowther nínú ìbò ọdún 1818. Àwọn akéwì tí ó jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà náà bínú sí i. Ní 1844 ó kọ̀wé lòdì sí ọ̀nà rélùwéè tí wọ́n fẹ́ là wọ Windermere. Òótọ́ ni pé ìfẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ ni ó mú un sọ̀rọ̀; òótọ́ sì ni pé ó dàbí ẹni pé kò fẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlú ńlá wá rí ẹwà tí òun rí. Wọ́n la ọ̀nà náà, ọkọ̀ sì ń gba ibẹ̀ láti 1847.

Ní 1843, nígbà tí ó ti lé ní ọdún 70, wọ́n fi í jẹ Akéwì Ọba. Ó kọ́kọ́ kọ̀, ó ní ogbó ti dé. Ó gbà nígbà tí wọ́n sọ fún un pé a kò ní béèrè iṣẹ́ kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Láti nǹkan bí 1835 ni ara àti iyè Dorothy kò ti pé mọ́, ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó wà tí a ń tọ́jú rẹ̀, a kò lé e síta. Ní 1847 Dora, ọmọ rẹ̀ obìnrin, kú, ìbànújẹ́ yìí sì wó bàbá náà. William Wordsworth kú ní ọjọ́ 23, oṣù Épírì, 1850, ní ẹni ọdún 80. Wọ́n sin ín sí itẹ́ òkú ìjọ Grasmere láàárín àwọn ará orí òkè rẹ̀. Ní ọdún náà ni aya rẹ̀ tẹ The Prelude jáde, ewì gígùn tí ó kọ nípa ìgbésí ayé ara rẹ̀, tí ó sì ti wà nílẹ̀ láti 1805.

Ó ti kọ ọ́ sínú ìwé kan nígbà kan rí pé ó yẹ kí ilẹ̀ adágún àti òkè náà jẹ́ ohun ìní gbogbo orílẹ̀-èdè. Ní 1951 ìjọba sọ ọ́ di ilẹ̀ ìdáàbòbò, ní 2017 àjọ UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ogún àgbáyé. Láti 1890 ni wọ́n ti ra Dove Cottage kí gbogbo ènìyàn lè máa wò ó.

Ẹ̀KỌ́ TI A RÍ KỌ́

Ẹ̀yin ará wa, a kò sọ ìtàn yìí láti bá ẹnikẹ́ni wí. Bí Luke kò bá lọ, ilẹ̀ ìbá bọ́. Ó lọ, ilẹ̀ sì bọ́ náà. Àwọn tí ó wà lẹ́yìn odi nínú wa, ọ̀pọ̀ wọn lọ nítorí kí ilé lè dúró ni, a sì mọ̀ pé owó wọn ni ó ran ọ̀pọ̀ ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n Michael kò retí owó nìkan. Ó retí ẹni tí yóò bá a gbé òkúta. Ẹ jẹ́ kí lẹ́tà yín má wọ̀n. Ẹ wálé nígbà tí àwọn àgbà ṣì lè fi ọwọ́ tọ́ka sí ààlà oko fún yín, nítorí pé ilẹ̀ tí kò sí ẹni tí ó mọ ààlà rẹ̀, àjèjì ni yóò jogún rẹ̀.

Sí àwa tí a wà nílé, Wordsworth fi iṣẹ́ kan lé wa lọ́wọ́. Kì í ṣe àgbẹ̀, ọmọ agbẹjọ́rò ni, síbẹ̀ ó gun òkè lọ wo òkúta tí ó wó, ó sì béèrè ìtàn rẹ̀. Ahoro ilé àti ògiri àtijọ́ wà lórí òkè tiwa. Ta ni ó kọ́ wọn? Kí ni ó lé wọn kúrò níbẹ̀? Àwa olùkọ́ ìlú yìí ti pinnu pé láti sáà tí ń bọ̀, ọmọ kọ̀ọ̀kan ní kíláàsì gíga yóò lọ bá àgbà kan nílé rẹ̀, yóò sì kọ orúkọ oko, odò àti òkè tí àgbà náà mọ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú ìtàn ẹni tí ó ro oko náà. Kí àwọn àgbà wa má ṣe lé wọn padà. Kí ẹ̀yin ará ẹ̀yìn odi tí ẹ bá rántí ohunkóhun kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí wa sí di ọdún tí ń bọ̀, kí ó má sì jẹ́ kí iná kú ní ilé baba wa. Àmín.